Mẹ́tàlá ní Ẹnu Bodè

Ajé, 3 oṣù kẹta
Gègé gbà! Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Gègé — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, torí gègé kì í kúrò lẹ́yìn etí wọn. Wọ́n ní kí n sọ ìwé ìtàn wọn di eré orí tábìlì. Èèyàn mẹ́ta á jókòó, kálukú á di ẹnì kan nínú ìlú inú ìwé náà, dáìsì á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Èmi ni màá máa darí eré, èmi náà ni màá máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ará ìlú.

Àdéhùn kan péré. Obìnrin tí wọ́n ti bodè mọ́ síta ní orí kẹsàn-án kò gbọdọ̀ wọlé. Kí ìkùukùu gbé e lọ, bó ṣe wà nínú ìwé. Wọ́n ní tó bá wọlé, àwọn á gba ìwé àwọn padà.

Mo mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Gbogbo wa la mọ̀. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni wọ́n kọ orí kẹsàn-án.

Nínú ilé wọn, bàtà wà ní títò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kí èèyàn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹjọ́ bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò: "Ta ló tún fi bàtà dí mi lọ́nà?" Kò sẹ́ni tó ń fi bàtà dí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá lọ jẹun, mo fi ẹ̀rọ gé àjákù páálí sí káàdì. Okùn, ọ̀bẹ, búrẹ́dì, fìtílà. Òfin kẹrin: ẹni tó bá mú fìtílà dání, kó fi ọ̀kan kún ohunkóhun tí dáìsì rẹ̀ bá já sí. Ó dùn mọ́ mi.

Àìkú, 9
Téélọ̀ ka òfin bodè. (Ọ̀rẹ́ mi ni, aránṣọ, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.) Mo ti kọ ọ́ pé bodè kì í ṣí. Ó ní èyí kì í ṣe eré, ìwàásù ni. Pé tí èèyàn ò bá lè gbìyànjú, kí la wá ń ju dáìsì fún? Ó bí mi nínú, torí òótọ́ ló sọ.

Ọgbọ́n dé nírọ̀lẹ́. Bodè á ṣí fún ẹni tó bá rí mẹ́tàlá. Dáìsì méjì — mẹ́fà àti mẹ́fà, méjìlá ni òpin rẹ̀. Kí wọ́n máa gbìyànjú lọ! Gègé rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀tàn ni ṣá. Ojú ń tì mí.

Ẹtì, 14
Ọ̀la la máa dán an wò. Gègé ń bọ̀ wá wòran. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí fún wọn, Ìbéèrè, máa bá wa ta á — ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kì í dákẹ́ ìbéèrè.

Àbámẹ́ta, 15
Mo gbé.

Ìbéèrè ló mú káàdì fìtílà. Ojú mi rí i, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n dé ẹnu bodè, obìnrin náà ń kànkùn láti ìta. Téélọ̀ rí márùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ rí mẹ́sàn-án. Ìbéèrè fẹ́ atẹ́gùn sí dáìsì, ó jù ú. Mẹ́fà. Èkejì yí, ó yí, ó dúró. Mẹ́fà. Mo ti ń la ẹnu láti bá a kẹ́dùn nígbà tó na káàdì rẹ̀ sókè.

"Àǹtí, mo mú fìtílà dání. Ó di mẹ́tàlá."

Yéè. Òfin kẹrin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́! Téélọ̀ pàtẹ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un. Mi ò lè sọ pé bodè ò ṣí, òfin ni òfin. Mi ò sì lè sọ pé ó ṣí. Gègé dìde, wọ́n mú ìwé wọn lórí tábìlì, wọ́n ní ilé yá. Ìbéèrè tẹ̀lé wọn. Ó mú káàdì fìtílà lọ.

Ajé, 17
Mo tẹ̀ wọ́n láago. Wọn ò gbé e.

Ọjọ́rú, 19
Mo lè fagi lé òfin kẹrin. Ìlà kan péré ni. Mo mú bírò, mo tún gbé e sílẹ̀. Kí n má purọ́ fún ìwé yìí: nígbà tí dáìsì kejì dúró, inú mi dùn. Àárò ẹ̀gbọ́n mi ń sọ mí.

Àbámẹ́ta, 22
Wọ́n dé láìpè, Gègé àti ọmọ wọn. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, gàdàgbà. Gègé ò lọ síbi fèrèsé tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí, àga ẹni tó ń ta eré ni wọ́n fà. Wọ́n gbé ìwé kalẹ̀, wọ́n fi káàdì fìtílà lé e.

Wọ́n ní ọmọ ò bá àwọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó bi àwọn bóyá torí pé òun ṣí i ni àwọn ṣe ń bínú.

"Àbúrò, bodè ti ṣí. Ó ti wọlé. Kí ló sọ?"

Kò sí ojú ìwé kankan fún un. Kò sí òfin, kò sí káàdì. Mo wo Ìbéèrè, mo wo ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ta ló tún fi bàtà dí mi lọ́nà?"

Ìbéèrè fọwọ́ bo ẹnu. Gègé dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé bàtà wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.