Awẹ́ Obì Tiyín

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi alápàárá yín ni mo tún dé. Ẹ ò lè fa etí mi lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ yín ò gùn dé Ìlá mọ́. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fà á, tí ẹ máa ń ní ọ̀rọ̀ yín ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde? Ó dáa. Bàbá ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn tí a sin yín, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Ìyá rẹ dà?" Mo lóṣòó níwájú wọn, mo sọ fún wọn pé ẹ ti lọ. Wọ́n sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì: "Ìyá rẹ dà?" Mo tún sọ. Ẹkún tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò dúró níbì kankan nínú wọn, Yèyé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n pa yín lójú ọkọ yín?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ irọ́. Mo ní ẹ lọ kí àwọn èèyàn yín ní Ọ̀tan.

"Ta ló gbé e lọ?"

"Ọ̀kadà ni, Bàbá."

"Ìwọ aláìníláárí yìí! O gbé ìyá rẹ sẹ́yìn ọ̀kadà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún?"

Mo ní ẹ̀yin lẹ wà á, ọlọ́kadà ló jókòó lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í dá obì jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ yín. Wọn ò yí i padà. Wọ́n á pa àbàtà, wọ́n á jẹ awẹ́ méjì, wọ́n á fi ewé di méjì yòókù sójú fèrèsé dè yín. Bí wọ́n bá ti wọlé lọ sùn, èmi ló ń jẹ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé eyín mi ò lágbára, erìgì ni mo fi ń họ ọ́. Láàárọ̀, wọ́n á rí ewé òfìfo, wọ́n á ní, "Àṣé ó ti dé," wọ́n á sì mu ògì wọn tayọ̀tayọ̀. Ṣé irọ́ yẹn burú, Yèyé? Ṣé ẹ bínú sí mi?

Lánàá, mo ti múra irọ́ tuntun sílẹ̀, pé àwọn ará Ọ̀tan ti fi yín jọba. Bàbá pa obì. Wọ́n jẹ awẹ́ méjì. Mo na ewé sí wọn. Wọ́n wo ewé, wọ́n wò mí. Wọ́n jẹ ẹ̀kẹta. Wọ́n jẹ ẹ̀kẹrin.

Mo dúró. Wọn ò béèrè yín. Èmi ni mo wá béèrè: "Bàbá, Yèyé ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Ìbéèrè tí mò ń sá fún yẹn, àṣé ibẹ̀ lẹ ṣì ń gbé nínú ilé yìí. Ẹkún yẹn sàn ju èyí lọ.

Mo pa obì kan láàárọ̀ yìí. Mo di awẹ́ méjì tiyín sínú ewé, mo gbé e sójú fèrèsé. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wá mú un.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń wá ẹni tí yóò fa etí òun.