Àmì Tìróò Ojú Rédíò

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí lẹ́tà tí Morádéyọ̀ àbúrò mi bá yín kọ. Ẹ ní láti ìgbà tí bàbá Òkè Bọ́lá ti tún rédíò yín ṣe, ẹ kò gbọ́ Ìbàdàn lórí ẹ̀ mọ́. Ìbàdàn kò lọ síbì kankan. Bàbá yẹn ló nu ojú rédíò, tó nu àmì tìróò tí mo fi síbẹ̀ kí n tó rìnrìn àjò wá sókè òkun. Ẹ yí bọ́tìnnì rẹ̀ lọ sápá òsì pátápátá, kí ẹ wá máa dá a padà jẹ́jẹ́. Bó bá ń pariwo, ẹ má pa á. Ìsìn òwúrọ̀ yín ti sún mọ́lé nìyẹn.

Ara mi le. Ilé ìdáná ọ̀rẹ́ mi ni mò ń sùn báyìí. Ó tilẹ̀ móoru ju yàrá tí mo kúrò lọ.

Ẹ ní ẹ kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì sàmì sí i, pé ẹ ó dúró dè mí di Kérésì. Màámi, ẹ ní kí Morádéyọ̀ sàmì sí i.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé ní Bẹẹrẹ. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sanra.

Ọmọ yín,
Oyèdélé