Oògùn Orúnkún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ mi ń kí yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń ṣiṣẹ́ padà, òrùlé wa ò sì jò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹyinjú Màmá ti pọ́n bí epo. Dókítà ní kòkòrò àrùn kan ti wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn tipẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì T ni ò jẹ́ kó gbérí. Oògùn orúnkún tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ló kó oorun bá àwọn ọmọ ogun náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi ń kà á fún wọn láràárọ̀.

Dókítà ní ọmọ lè kó kòkòrò náà lára ìyá nígbà ìbí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lánàá: ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà sì ń lo oògùn yìí fún èjìká yín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ lọ bá dókítà lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí.

Mi ò tíì lè sọ fún Màmá. Wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé orúnkún ò dùn wọ́n mọ́ rárá.

Èmi àbúrò yín