Àlàáfíà Tó Fẹ́ Gba Káàdì Lọ́wọ́ Ọmọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tó ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé ìtura yẹn. Ilẹ̀ tí ọṣẹ dà sí kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, omi gbígbóná kò ní ta sí ọ lára, ọ̀gá rẹ yóò máa rí iṣẹ́ tí o ṣe, kò sì ní rí ibi tí o ti ń tòògbé. Àmín. Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ní kó mú bébà tirẹ̀ kó kí ọ fúnra rẹ̀, ó ní òun kò ráyè, òun ń bá mi wá gègé tí mo fi há ẹ̀yìn etí. Ìwọ náà rí i pé nǹkan kan kò yí padà nílé.

Ọmọ rẹ, Aláròyé wa, ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń fà lókè. Eyín rẹ̀ méjì níwájú ti yọ dànù, ó sì lọ sọ fún olùkọ́ pé eyín náà ni kò jẹ́ kí òun lè kàwé sókè ní kíláàsì, olùkọ́ sì gbà á gbọ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló fi jọ? Èmi ò mọ̀ o. Àwọn kan ní èmi ni. Ipò kejì ló ṣe nínú ìṣirò, ẹni tó ṣe ìkíní sì jẹ́ ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí náà èmi ka tiwa sí ìkíní.

Ọ̀rọ̀ káàdì ìlera ọmọ náà ló mú mi kọ̀wé, èyí tí ìjọba fi ń san owó dókítà àti owó oògùn fún àwọn ọmọdé. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ọmọ wà lójú fèrèsé báyìí tó ń kọ orin tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wá ibi jókòó sí kí o tó kà á, nítorí bàbá rẹ ṣe nǹkan.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní kí a tún kọ ọ̀rọ̀ kún un kí káàdì má baà kú. Ó yà mí lẹ́nu. Ní tèmi, bí wọ́n bá ti kọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí, a kì í sọ ọmọ lórúkọ lọ́dọọdún. Mo rò pé bóyá wọ́n ti gbàgbé wa ni, tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Mo wá pinnu pé n ó kún un dáadáa, kí wọ́n lè mọ irú ilé tí wọ́n ń bá lò. Mo fọwọ́, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo gbé tábìlì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Màmá rẹ bi mí pé ìgbéyàwó ta ni mò ń lọ. Mo ní ìjọba ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè pé báwo ni ara ọmọ náà. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ tí kò mọ ìdáhùn ìyẹn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé, Àlàáfíà ni, a dúpẹ́, ẹ̀yin náà ńkọ́? Wọ́n tún ní ǹjẹ́ ó ní àìsàn kan tó ń lo oògùn sí. Mo wo ìbéèrè yìí títí. Ṣé èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi kọ àìsàn mọ́ orúkọ ọmọ, kí n tún wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ bí ẹni tó rà á? Mo kọ pé, Ká má rí i. Wọ́n ní ẹni mélòó ló wà nílé. Mo kọ méjì, èmi àti màmá rẹ, torí ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n wá bèèrè iye tó ń wọlé fún wa lóṣù. Àlejò wo ló ń bi onílé bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ aláìní ni ọmọ wà. Mo rántí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí mo kàn fún ọ̀gá ilé-ìwé lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n ní wọn kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì kọ iye tó san. Irọ́ kọ́. Inú oṣù ló ṣáà ti wọlé.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá rẹ létí. Ó ní ṣé fọ́ọ̀mù ni mo kọ tán yẹn, àbí àna ni mò ń kí. Mo ní ìlara ìwé kíkà ló ń dà á láàmú.

Ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́tà kan tún dé. Wọ́n kọ ọ́ sí Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ọmọ Náà. Mo wò ó, mo ní kì í ṣe tèmi, màmá rẹ ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń di irun rẹ̀, mo fi lé orí àpótí aṣọ rẹ̀. Màmá rẹ náà wò ó, ó ní ìwọ tí o bí i ni wọ́n ń bá wí, ó bá ọ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí di ìgbà tí o bá wálé. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe sùn láìṣí nínú ilé tó ní olùtọ́jú méjì.

Nígbà tí oògùn ọmọ fẹ́ tán, ìyẹn ike búlúù kékeré tó máa ń fín sẹ́nu bí ikọ́ fée bá gbé e, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Apòògùn fi káàdì sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ké. Ó tún fi sí i, ẹ̀rọ tún ké. Mo ní kó nu káàdì, ó nù ún. Ó ní bàbá, káàdì yìí ti kú, wọn kò ka ọmọ yìí mọ́ àwọn tí ìjọba ń sanwó fún mọ́. Ó wá sọ iye tí ike náà jẹ́ fún ẹni tí kò ní káàdì. Ọmọ mi, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà fẹ́ rí nǹkan ṣe.

Àwa méjèèjì kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù, nítorí o mọ ọmọ rẹ. Nígbà tó yá ló gbé ike tó ti ń tán náà sétí, ó mì ín, ó ní ó máa ku bí ìgbà mẹ́wàá sí i, àti pé òun á máa rọra wúkọ́ kó lè pẹ́.

Màmá rẹ lọ fa lẹ́tà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó wà níbẹ̀ kedere pé wọ́n ti yọ ọmọ kúrò, bí a kò bá sì wá ṣàlàyé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó di ọdún mìíràn. A ka ọjọ́. Ó ku méjì.

Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, mo pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dára. Mo kí i, kò dáhùn, ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní mo kí ọ o, ó ní kí n tẹ ééjì. Mo bi í pé ṣé kò sí àgbà nílé yín ni, ó ní kí n dúró díẹ̀, ó sì gbé orin sí mi létí. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin ẹni tí kò kí mi. Mo ní kò burú, n ó bá a lójúkojú.

Ilẹ̀ mọ́, èmi àti Aláròyé wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Gbọ̀ngàn gígùn kan ni, bẹ́ńṣì mẹ́fà, fèrèsé onídígí mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló ní èèyàn nídìí. Bẹ́ńṣì tiwa ń mì, mo bá wọn ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, iṣẹ́ ọwọ́ kì í sinmi. Ta ni mo rí lẹ́yìn wa? Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ní òun lòun kọ́ gbogbo ilé tó dúró ládùúgbò, tí mo sì máa ń bi pé àwọn tó wó ńkọ́. Òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Mo ní kí ló gbé e débí, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Nọ́ńbà ìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀!

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé obìnrin kan tó fi pẹ́ńsùlù há irun wo fọ́ọ̀mù mi, ó wò mí, ó tún wo fọ́ọ̀mù. Ó ní bàbá, ohun tí ẹ kọ síbí ni pé ọmọ yìí kò sí nílé yín, nǹkan kan kò ṣe é, owó yín sì ju tèmi tí mo jókòó síbí lọ. Ó ní kí wá lẹ fẹ́ kí ìjọba bá a ṣe? Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi dáhùn. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń ka fọ́ọ̀mù, kò sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní kó bá mi pe àgbà tó ń tọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ni.

Ó gbé fọ́ọ̀mù tuntun síwájú, ó ní òun á bi mí, kí n sọ òótọ́, kí n sì gbóhùn sókè nítorí dígí. Bẹ́ńṣì mẹ́fà ló wà lẹ́yìn mi, etí kún orí gbogbo wọn, ti Bíríkìlà ló gùn jù. Ó ní kí ló ń ṣe ọmọ? Mo ní, ṣé ẹ rí ara èèyàn. Ó ní rárá, bàbá, kí ló ń ṣe é? Mo ní, bí atẹ́gùn bá fẹ́ gba ihò kékeré kọjá. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ òwe. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Eruku gbọ̀ngàn náà ti mú Aláròyé, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó sì di ike búlúù náà mú gírígírí, kò fín in. Ó ń ṣọ́ ọ lò.

Mo bá lọgun. Mo ní ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ mi láti ọmọ ọdún méjì! Mo ní àwa mẹ́ta la wà nílé! Mo ní lóṣù yìí, àpótí ìjókòó méjì péré ni mo kàn, ẹni tó gbé ọ̀kan lọ kò sì tíì san! Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni láyé mi! Akọ̀wé ní ó tó, bàbá, òun ti gbọ́. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, eyín mi kan náà ń dùn mí.

Mo ń retí ẹ̀rín. Ìró bàtà ni mo gbọ́. Bíríkìlà ti dìde, ó wá sójú fèrèsé, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun mú fọ́ọ̀mù tí òun fi sílẹ̀ láàárọ̀ jáde, òun fẹ́ tún un kọ. Ìyá arúgbó kan ní ti òun náà ńkọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ìlà ti tò lẹ́yìn mi, gbogbo wọn ń wá tú àṣírí ara wọn. Mo sọ fún Bíríkìlà pé kó rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́. Ó ní èmi náà ni mo kọ́kọ́ purọ́. Mo fi í sílẹ̀, inú mi dùn.

Wọ́n jí káàdì náà dìde lójú mi. Ike tuntun méjì la gbà lọ́wọ́ apòògùn lọ́jọ́ náà. Aláròyé fín in, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ títí di ọjọ́ Sátidé. N kò ní kó dákẹ́.

Kí o máa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ pé bàbá rẹ mọ̀wé o. Ohun tí akọ̀wé kọ́ mi wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi pẹ́ńsùlù káfíńtà kọ ọ́: lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún káàdì ọmọ ṣe, yálà ara rẹ̀ le tàbí kò le, lẹ́tà tó bá dé lónìí, lónìí la ó ṣí i, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, kódà kó má mọ irun dì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kó fọ́ọ̀mù wá bá mi báyìí. Ọ̀gá ilé-ìwé gan-an wá! Mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n pé ṣé àlàáfíà ni. Ẹni tó bá ní àlàáfíà ni, n ó ní kó jáde, kó tún wọlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Akọ̀wé ní kí o kọ ìwé, kí o buwọ́ lù ú, pé ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ ń gbé, kí káàdì má baà tún já lọ́dún tó ń bọ̀. Fi owó díẹ̀ sínú ìwé náà, ìwé kì í fẹ́ dá rìn. Mo fẹ́ ra awò ojú, kí n má baà máa gbóòórùn fọ́ọ̀mù kí n tó lè kà á. Màmá rẹ ní kí o fi owó bàtà òun kún un. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo rí bàtà tó ń wọ̀.

Ó wá ku ìwọ. Lánàá mo kó lẹ́tà rẹ jọ, gbogbo èyí tí o ti kọ láti ọdún mẹ́ta, mọ́kànlá ni wọ́n. Mọ́kànlá ló ní àlàáfíà lo wà. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Nítorí náà mo ti fi rúlà fa ìlà sí ẹ̀yìn bébà yìí, mo sì kọ ìbéèrè síbẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Ṣé wọ́n ń san owó rẹ pé? Ṣé o ń jẹun lọ́sàn-án? Ṣé o máa ń sunkún? Kọ ọ́ kún un, kí o fi ránṣẹ́ padà. Kò sí kọ̀ǹpútà níbí, èmi ni n ó kà á, ohun yòówù kí o kọ, n kò ní yọ ọ́ kúrò.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ lé yóò dọ́gba. Èémí rẹ kò ní há. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò bọ́ ọ, yóò sì ṣẹ́kù, a ó sì fi ojú wa rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.