Òfin Tí Ìjọba Fẹ́ Fi De Èmi Ọlọ́sìn Màlúù

Títílọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà l'Ékòó, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í ya fọ́tò ojoojúmọ́ sórí fóònù bí o ti ń ṣe. Olúwa á máa ṣọ́ ọ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti rù. Mo ti sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń ríran. Dámisí, màlúù wa, náà ń kí ọ. Wàrà rẹ̀ ni ìyá rẹ ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G.

Ọmọ mi, bàbá rẹ ti di ńlá. Ìjọba fẹ́ fi òfin dè mí!

O mọ ọgbà màlúù ńlá tó wà lókè odò wa, tí ìgbẹ́ wọn ń ṣàn bọ̀ débi pé Dámisí kì í mu omi odò mọ́. Ìpínlẹ̀ fẹ́ ṣòfin pé kí iye ẹran inú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n, wọ́n wá pe ìpàdé sí Ọ̀yọ́ kí ará ìlú dá sí i. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé màlúù mélòó ni mo ní. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣé èmi ni màá wá ka ẹran mi fún àjèjì? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n pọ̀, ọpẹ́ ni f'Ólúwa.

Bí akọ̀wé ṣe kà á báyìí, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó mú mi lọ síwájú láàrin àwọn ọlọ́sìn ńlá, lórí àga onítìmùtìmù. Àwọn yẹn ń sọ pé òfin náà á mú kí wàrà wọ́n, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí wọ́n tètè dè wá, pé ẹran àwa olówó ti pọ̀ jù, ìgbẹ́ wa sì ti ba odò jẹ́. Háà! Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Alága ní òun ò tíì rí ọlọ́sìn ńlá tó lóòótọ́ inú tó báyìí. Mo ṣẹ́ fìlà mi sápá ọ̀tún.

Ohun kékeré kan ló kù. Wọ́n ń bọ̀ wá wo agbo ẹran mi l'Ọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n tó fi mí ṣe ẹlẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin. Ìyá rẹ ní tí wọ́n bá bá Dámisí nìkan, ẹnu mi ló máa pa òfin náà, odò á sì bàjẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ò purọ́, ọpẹ́ ni mo dú. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já díẹ̀. Má sọ fún un.

Nítorí náà, fi owó abo màlúù kan ránṣẹ́, Mubaraq tó ń ta màlúù ní Sábó ti so ó mọ́lẹ̀ dè mí. Ẹni tó ní méjì lè sọ pé wọ́n pọ̀. Tí kò bá sí owó, màá sọ fún wọn pé ẹyọ kan péré ni mo ní, òun náà kò sì rómi mu. Bóyá ìyẹn gan-an ló yẹ kí n ti kọ.

Olúwa á fún ọ ní ọ̀pọ̀, èyí tí fọ́ọ̀mù kankan ò ní lè gbà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Josiah, ọlọ́sìn ńlá títí di Ọjọ́bọ̀.