Ọ̀sẹ̀ Àyẹ̀wò Ojú, àti Bọ̀dá Mi Tó Ń Kéde Rẹ̀

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì oṣù kẹta
Ọ̀sẹ̀ ìlanilọ́yẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àrùn ojú tí kì í dunni, tó ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́. Èrò bí omi! Àwa nọ́ọ̀sì ò ráyè jókòó. Ẹni tí a ń pè ní Gbohùngbohùn ló ń wa ọkọ̀ ìkéde — bọ̀dá mi ni o, ariwo wọn ò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ. Dókítà ní aráàlú ti jí.

Túsìdé, ọjọ́ kẹta
Fìlà ọ̀fẹ́ tí a ń fún àwọn tó wá yẹ ojú wò tán lọ́sàn-án. Ìdajì èrò bá fìlà lọ.

Tọ́sìdé, ọjọ́ karùn-ún
Ọwọ́ mi tẹ̀ wọ́n lónìí! Àwọn tó tò síta ń kọ́ ara wọn ní lẹ́tà ara ògiri tí a fi ń dán ojú wò, kí wọ́n má baà fìdí rẹmi. Ìyá àgbà kan kà á tán kó tó jókòó. Bọ̀dá náà yọrí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kà á geerege: "Ṣé o rí i? Mo yege." Mo ní ìyẹn kọ́, ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú yín ni mo fẹ́ wò. Wọ́n ní ọkọ̀ ń dúró.
Bàbá wa ò ríran mọ́ kí wọ́n tó kú. A ní àgbà ló dé. Àrùn yìí sì máa ń rìn nínú ẹbí.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹfà
Mo bá bọ̀dá jókòó níwájú ọkọ̀. "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó" — àwọn ló ń pa á lówe fún aráyé. Obìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ yọ lápá òsì. Mo figbe ta. Bíréèkì. "Níbo lèyí ti jáde?" — ẹ̀rọ ṣì wà lẹ́nu wọn, gbogbo àdúgbò gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá yẹ ojú wò. "Àbúrò, bí wọ́n bá ní kí n má wakọ̀ mọ́, kí ni mo fẹ́ máa ṣe?" Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ó ń ba èmi náà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án
Ìpolongo parí. Bẹ́ńṣì ṣófo. Dókítà ní ṣé àrùn náà ti lọ ni. Mo ní fìlà ló lọ.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kọkànlá
Bọ̀dá wọlé. Wọ́n ní àwọn kàn wá dá ẹ̀rọ padà ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọn ò lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wolẹ̀. "Ǹ bá ti pa obìnrin orí kẹ̀kẹ́ yẹn."
Dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ìríran ẹ̀gbẹ́ òsì ti lọ, kò ní padà. Oògùn kíkán lójoojúmọ́ lè dá ìyókù sí. "Ṣé mo ṣì lè wakọ̀?" Dókítà wò mí. Mo nawọ́. Bọ̀dá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i.
A fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo bọ́ sí apá òsì wọn, níbi tí wọn ò ti lè rí mi, mo sunkún mi níbẹ̀.