Awakọ̀ Òfuurufú Tí Kò Tíì Gba Fírídọ́ọ̀mù

Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Ọdẹ́da.

Ìbùkúnolúwa ọmọ mi, Àríkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àǹtí rẹ Yẹ́misí ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fún un nísinmi? Ọlọ́run tó jí mi lónìí yóò máa jí ìwọ náà sí ire ní Ìkòsí níbẹ̀, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní sùn gbàgbé. Àmín. Àwa níhìn-ín wà láàyè. Bàbá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn kò sì rí nǹkan mìíràn jẹ ju aṣọ àwọn oníbàárà mi lọ.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ìka fa ojú fóònù náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi, mo rí àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan níbẹ̀, inú mi dùn, mo ní àṣé ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú ti ní ọ̀nà tiyín lọ́tọ̀ lórí fóònù, bí mo bá tẹ èyí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni yóò já sí tààrà. Mo tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí, kódà àwọn tó máa ń pè láti sọ pé mo ti jẹ mọ́tò kò pè mọ́. Mo gbà pé wọ́n ń ya ọ̀nà náà sọ́tọ̀ fún èmi àti ìwọ ni, pé lọ́jọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ohùn rẹ yóò wọlé. N kò tíì tẹ nǹkan mìíràn kí n má baà bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, Reuben tó máa ń kó ọsàn wa lọ sí Máìlì Túwẹ́ẹ̀fù ni yóò mú un wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Àǹtí Yẹ́misí fi rán Reuben sí mi pé o ní bí òjò ọdún yìí bá dá tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà kò tíì pè ọ́, o ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, o ó lọ sí ìlú òyìnbó lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ìbùkún, n kò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́. Kì í ṣe pé ìtọ́jú arúgbó kò dára, àwa náà ń darúgbó bọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré rẹ ni o ti máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ sáré jáde bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá, bí mo sì nà ọ́ tó lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, o kò jáwọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí ẹgba kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ, ìdúró lásán ni yóò gbà á.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Wọ́n ti gbà ọ́. Wọ́n ti fún ọ ní ìwé pé ọ̀dọ̀ wọn ni o wà. Wọ́n ti yẹ ojú rẹ wò, wọ́n yẹ etí wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí o sọ fún mi, mo bi ọ́ pé ta ni ọkọ ìyàwó, nítorí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ní kó lọ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ wọ́n ní kí o máa dúró, pé ọkọ̀ àwọn kò pọ̀, pé ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lókè òkun. Mo bi bàbá rẹ pé irú mẹkáníìkì wo ló ń gba ọkọ̀ láti ìgbà tí a ti gbin àgbàdo títí a fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní bóyá mẹkáníìkì tiwa ló lọ kọ́ wọn níṣẹ́.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Modinat tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti parí, à ń múra fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, ó kù kí n gbàdúrà lé e lórí, kí n fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ lójú àwọn ẹbí rẹ̀, kó tó lè lọ dá dúró. Ọkàn mi wá bi mí pé, Ìbùkún ńkọ́? Ta ló fún Ìbùkún ní fírídọ́ọ̀mù? Mo ronú títí, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni pè wá. O parí, o kó ẹrù rẹ wálé, o fi ìwé ẹ̀rí hàn wá, ó tán. Kò sí ọ̀gá tó gbàdúrà, kò sí mínírà, kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́.

O mọ Ajarat, èyí tó bínú kúrò lọ́dọ̀ mi láìgba fírídọ́ọ̀mù tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá títì. Kò sí ohun tó gé tí kò kúrú. Ó rán ṣòkòtò kan fún kátíkíìsì wa, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Nígbà tó fi ẹkún padà wá tí mo gbàdúrà fún un, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń tò lónìí. Mo ní bí ó bá lè rí báyìí fún aṣọ tó wà nílẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí fún ohun tó ń lọ lókè?

Ni mo bá mú àkùkọ kan, mo di ọsàn sínú àpò, mo bá Reuben wá sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Má bínú. Mo mọ̀ pé bí n bá sọ fún ọ, o ó ní kí n má wá. Àǹtí Yẹ́misí ló mú mi láti Kétu lọ sí Ògùdù, sí ilé Ọ̀gá Rótìmí tó kọ́ ọ níṣẹ́, èyí tí o máa ń lọ kí lọ́dún tuntun. Ní gbogbo àkókò yẹn ìwọ wà ní Mẹ́ńdé níbi tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Èèyàn dáadáa ni ọ̀gá rẹ. Orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. Mo kúnlẹ̀, ó sáré dìde, ó ń pè mí ní Mọ́mì, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dìde, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa. Mo ní n kò ní dìde àfi tó bá gbọ́ tẹnu mi. Mo ní bóyá ọmọ mi ṣe àfojúdi sí i nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, bóyá kò tètè dé láàárọ̀, bóyá kò fọ mọ́tò fún un, kó bá mi fi orí jì í, kó fún un ní fírídọ́ọ̀mù kí wọ́n lè gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wo Àǹtí Yẹ́misí, Àǹtí Yẹ́misí wo ilẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́ dìde, ó fi àga fún mi.

Mo ní bí kò bá ní bínú, ó pẹ́ tí iṣẹ́ yín ti ń rú mi lójú. Ó ní kí n máa bi òun. Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní àwọn ńlá kì í ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kò yé mi, nítorí ọ̀kadà Bàbá Abdulkabir tí kò ní búréèkì pàápàá ní kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé ṣé ẹ máa ń fọn fèrè fún àwọn ẹyẹ. Ó ní fèrè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ẹ ń fọn ọ́n fún. Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ máa ń dúró kó kún kó tó gbéra. Ó ní rárá, bí àkókò bá ti tó, yóò lọ, bí àga tilẹ̀ ṣófo. Mo ní irú òwò wo nìyẹn, abájọ tí ọkọ̀ wọn kò fi pọ̀. Mo tún bi í pé bí o bá ń kọjá lókè Ìdí-Ọsàn, ṣé o ó rí ilé wa. Ó ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́, o ó rí i pé ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n o kò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ ti ń jíròrò irú ọ̀dà tí a lè fi kun páànù náà.

Mo wá bi í ní tààrà pé ṣé iṣẹ́ yín kò ní fírídọ́ọ̀mù ni. Ó ní kò ní. Ó wá ní àfi ti omi. Mo bi í pé omi wo. Ó ní lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ dá gbé ọkọ̀ lọ sókè, tí ọ̀gá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì gbé e bọ̀ láyọ̀, bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọn yóò da garawa omi lé e lórí, gbogbo ará ibẹ̀ yóò sì pàtẹ́wọ́. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi da tìrẹ. Ó ní o ń gbọ̀n, o ń rẹ́rìn-ín, o ń sunkún, o sì ń wo ẹnu géètì bí ẹni tó ń retí ẹnìkan.

Ìbùkún, kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Wọ́n da omi lé ọ lórí láàárín àwọn àjèjì, ìyá rẹ kò sì sí níbẹ̀ láti fi ìró nù ọ́ lára. Mo sunkún nílé onílé, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìyàwó ọ̀gá rẹ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún, tí òun náà sì ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá Rótìmí wá bi èmi náà pé kí ló ń kán mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó òyìnbó fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní nígbà mìíràn awakọ̀ yóò dé òkè ìlú tó ń lọ, wọn yóò ní ilẹ̀ kò tíì ṣí sílẹ̀ fún un, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ọkọ̀ mìíràn wà lójú ọ̀nà, pé kó máa yí po lókè níbẹ̀. Yóò máa yí. Kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ tòògbé, kò sì gbọdọ̀ já wọ ibi tí wọn kò pè é sí. Mo bi í pé ṣé epo kì í tán. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà, pé awakọ̀ gidi a máa wo epo rẹ̀ dáadáa kó tó sọ pé òun ń yà lọ sí ìlú mìíràn. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ọjọ́ tí wọn yóò pè ọ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́, ìwọ ni òun lè sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìlajú.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọkọ̀ Reuben títí a fi délé. Ẹni tó ń yí po lókè, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Kò sẹ́ni tó máa rí i kó sọ pé kò ríṣẹ́ ṣe. Nítorí náà bí wọ́n bá bi mí níhìn-ín pé ṣé ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀, mò ń sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ló wà. Bí epo rẹ bá ń tán ní tòótọ́, sọ fún mi, n kò ní bá ọ jà, màá fọwọ́ mi di ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Ṣùgbọ́n má sọ pé epo tán nígbà tó jẹ́ pé ojú ló ń tì ọ́ nítorí àwọn tó ń bèèrè.

Síbẹ̀, omi nìkan kò tó, n kò gbà. Ọ̀gá rẹ ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá sí Ìdí-Ọsàn, a óò sì ṣe tìrẹ pọ̀ mọ́ ti Modinat lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Mo ní irinṣẹ́ wo ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Ó ní irinṣẹ́ yín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé wálé. Ó wọ yàrá lọ, ó mú aṣọ èjìká onílà wúrà méjèèjì tí ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú máa ń fi sí èjìká ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó lò gbẹ̀yìn, jáde. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, okùn rẹ̀ ti ń tú létí. Ó wà lọ́wọ́ mi, mo ti tún un rán, ọjọ́ náà ni yóò gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Fi owó díẹ̀ rán Reuben, ti mínírà àti ti àkùkọ mìíràn. Ọ̀gá rẹ kọ̀ láti gba ti àkọ́kọ́, Àǹtí Yẹ́misí sì ti sè é, mo rò pé ìwọ náà jẹ níbẹ̀ láìmọ̀. Bàbá rẹ ní kí o fi ti ọ̀dà kún un.

Àríkẹ́, ibi tí o bá gbéra lọ, ayọ̀ ni o ó fi sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní bá ọ ṣọ̀tá, ilẹ̀ yóò gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀, àwọn tó bá wọ ọkọ̀ rẹ yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn láàyè. Múra, kí o tètè dé lọ́jọ́ náà, ìró mi ti wà nílẹ̀ bí wọ́n bá tún fẹ́ da omi. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì pè ọ́ ní Sátidé yẹn gan-an pé kí o máa bọ̀, sọ fún wọn pé kí àwọn náà dúró díẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹ̀bùnọlá.